Ọ̀tọ̀ Séèfù

Ẹ gbé e padà sára ìṣó. Mo ní kí ẹ gbé e padà, ẹ̀yin ọmọ yìí. Kì í ṣe ohun ìṣeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú eré ló ti wá. Ohun dúdú pẹlẹbẹ yẹn, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, tí mo fi okùn àwọ̀n so nídìí, káàdì ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ mọ gémù gbá tó báyìí, ẹ ò mọ̀ ọ́n? Ó dáa. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ìtàn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀.

Ìgbàkígbà tí mo bá wá sílé yín ní Thomas Estate, tí mo bá jókòó sẹ́yìn yín lórí àga tìmùtìmù yẹn, ohun tí mo máa ń rí máa ń dà mí lórí rú. Ẹ ó gbá bọ́ọ̀lù títí, ìyá yín á ní ẹ wá jẹun, ẹ ó ju pádì sílẹ̀, ẹ ó dìde. Bẹ́ẹ̀ náà ni! Ẹnikẹ́ni ò ní bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí mo ní, "Ṣé ẹ ti séèfù?" ńṣe lẹ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Gránpà, ó ń séèfù fúnra ẹ̀." Ta ló rán an? Ta ló sọ fún un pé ibi tí ẹ dé yẹn ló yẹ kó dì mú? Ẹ ní kí n wo òrùka kékeré kan tó ń yí ní kọ̀rọ̀ lókè, pé tí mo bá ti rí i, ó ti séèfù nìyẹn. Mo wò ó. Ó yí, ó yí, ó lọ. Mi ò mọ ibi tó gbà lọ títí di òní olónìí.

Nígbà tí mò ń wí yìí, èèyàn ló ń séèfù, kì í ṣe ẹ̀rọ. Bí èèyàn bá gbàgbé, ó ti gbàgbé nìyẹn.

Yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé yìí, tí bàbá yín ń kó páànù àtijọ́ sí, yàrá àwọ̀n ni. Bàbá mi ló kọ́ ọ. Àwọ̀n, ìgèrè, àjẹ̀ ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló sì ní ìṣó tirẹ̀ lára ògiri, ẹnikẹ́ni kì í fi àwọ̀n rẹ̀ kọ́ orí ìṣó ẹlòmíràn. Láyé ìgbà yẹn, tí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí, ọ̀sà lẹ máa gbọ́. Ní ìdájí, ìkùukùu á bo omi, àwọn obìnrin tó ń ta ẹja á máa pe ara wọn láti inú ọkọ̀ kan sí òmíràn, ohùn nìkan ni wọ́n sì fi ń mọ ara wọn. Ìyá tiwa a máa pe èèyàn kan tó ti kú, nítorí pé ohùn ọmọ ẹni náà jọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n la títì ẹ́sípírẹ́sì, tí àwọn èèyàn ń wọ́ wá láti ibi gbogbo. Wọ́n kó yanrìn, wọ́n dà á sínú omi, wọ́n ní ilẹ̀ ni. Ibi tí mo ti lúwẹ̀ẹ́ rí, wọ́n ní kí n wá wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbẹ̀. Ẹja rí i, ó ta kété. Àwọ̀n mi bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀rá omi ju ẹja lọ. Ni mo bá palẹ̀ yàrá náà mọ́, mo fi háyà.

Ìjọ kan ló kọ́kọ́ gbà á; nígbà tí wọ́n kó lọ, Bọ́sẹ̀ ló gbà á. Gbogbo èèyàn ń pè é ní Àǹtí Bọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ni lójú mi. Irun ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó kó tẹlifísàn wọlé, ó kó bẹ́ǹṣì wọlé, ó ti dráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun sí kọ̀rọ̀. Mo ní, "Bọ́sẹ̀, kí lèyí?" Ó ní, "Bàbá, onírun ti pọ̀ jù ní Ajah. Àwọn ọkùnrin tó ń bọ̀ láti sáìtì, níbo ni wọ́n ti ń sinmi? Gémù ni, sà."

Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Títì yẹn ló kó gbogbo wọn jọ sí yàrá àwọ̀n bàbá mi: bíríkìlà, káfíńtà, akunlé, àwọn dẹ̀rẹ́bà tó ń wakọ̀ fún àwọn olówó ní VGC. Wọ́n á dé nírọ̀lẹ́, eruku sìmẹ́ńtì á wà nínú etí wọn, wọ́n á jókòó, wọ́n á sì máa pariwo lé àwọn èèyàn kéékèèké tó ń sáré nínú tẹlifísàn. Àgbàlagbà! Ẹlòmíràn nínú wọn ti bí ọmọ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ kìíní, mo jókòó síta, mò ń tún àwọ̀n ṣe. Wọ́n mú iná lọ lójijì. Ohun tí mo gbọ́ láti inú yàrá yẹn ni, "Ṣé o ti séèfù? Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ti séèfù?" Ẹnì kan sì figbe ta, "Mo gbé o!" Inú bí mi. Mo ti sọ fún Bọ́sẹ̀ pé mi ò fẹ́ ìjọ nínú ilé mi, nítorí àwọn tó gbà á ṣáájú rẹ̀, gbohùngbohùn wọn kò jẹ́ kí ìyàwó mi sùn. Mo já lù wọ́n. Mo ní, "Ẹ̀yin ará, mo ti rí ìgbàlà láti ìgbà èwe mi. Ẹ jẹ́ kí n sinmi." Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé ẹnì kan já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ mí ní Bàbá Séèfù. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì ní bọ́sítọ́ọ̀bù pàápàá, Bàbá Séèfù ni wọ́n ń kí mi.

Ọkùnrin tó dákẹ́ jù nínú wọn ló mú mi jókòó, tó ṣàlàyé fún mi. Múfú ni. Ọmọ Ìkìrun ni, táìsì ló ń lẹ̀, inú yàrá ẹ̀yìn níbí ló ń gbé. Tí ẹ bá rí orúnkún rẹ̀, ẹ ó rò pé ràkúnmí ni, nítorí kíkúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé onílé. Ó yọ káàdì yẹn, èyí tí ẹ gbé lọ́wọ́ yìí gan-an, ó ní, "Bàbá, tí a bá gbá a dé ibì kan, àwa la máa sọ fún un pé kó pa á mọ́. Inú ibí yìí ló máa pa á mọ́ sí. Tí a ò bá sọ, tí iná lọ, òfo ni. A ó padà síbi tí a ti séèfù gbẹ̀yìn."

Mo gbà á, mo gbọ̀n ọ́n létí. Kò dún. Mo ní, "Odindi pápá bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú èrò ìworan, inú ibí ló wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tí iná bá lọ, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

Ó ní, "Wọ́n ń dúró dè wá, sà."

Ẹ gbọ́ èyí. Àwa náà máa ń fi ẹja sílẹ̀ láàyè nínú ìgèrè létí omi di ọjọ́ ọjà, ṣùgbọ́n tí a bá padà dé, ẹja á ti yípadà: òmíràn ti rù, òmíràn ti jẹ èkejì. Ti Múfú kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè lọ ṣiṣẹ́ ní apá Free Zone títí oṣù á fi lé, kó padà, kó ki káàdì bọ̀ ọ́, ẹni tó ń làágùn á ṣì máa làágùn. Mo rò ó títí, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́.

Bí wọ́n ṣe ń séèfù ni ó wù mí jù. Gbogbo yàrá á dákẹ́. Ẹ̀rọ á kọ ọ́ sójú tẹlifísàn pé kí ẹnikẹ́ni má yọ káàdì. Bọ́sẹ̀ á na ọwọ́ méjèèjì, "Ẹ má rìn o! Ẹ má rìn!" nítorí wáyà rẹ̀ ti gbó, bí ẹsẹ̀ bá kọ́ ọ, ó parí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Ai-bẹ́tà-pas-mai-néba á máa hó níta, tí ó bá sì ti ń húkọ́, àwọn kan á máa bẹ̀ ẹ́, "Jọ̀ọ́, dúró, jọ̀ọ́, ó kù díẹ̀." Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ mi wọlé láàárín ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, ó fẹ́ jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó sì tẹ wáyà. Bíríkìlà kan ló ń séèfù. Gbogbo ohun tó ti gbá láti ìgbà tí ọyẹ́ wà nílẹ̀ ló pòórá. Ó ní òun máa pa ewúrẹ́ yẹn lọ́jọ́ náà. Ẹja gbígbẹ ni mo fi bẹ̀ ẹ́.

Múfú kì í bá ẹnikẹ́ni díje. Òun nìkan ló ń gbá tirẹ̀, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ. Olórí agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀, òun ló dá a, ó sì fi orúkọ ọmọ rẹ̀ sọ ọ́: Sídí. Sìdíkátù ni ọmọ náà ń jẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun. Ṣùgbọ́n gémù yẹn kò mọ̀ pé obìnrin ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin nìkan ló ní. Nítorí náà, Sídí inú gémù pá lórí, ó sì ní irùngbọ̀n.

Mo ní, "Múfú, ọmọ rẹ obìnrin nìyí?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ má wo ojú. Orúkọ ẹ̀yìn aṣọ ni kí ẹ wò."

Ó ní ìwà kan tí gbogbo yàrá mọ̀ mọ́ ọn. Tí wọ́n bá na ẹgbẹ́ Sídí, Múfú kò ní séèfù. Á na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ wẹ́rẹ́, á pa á, á tún un tàn, káàdì á sì gbé e padà síbi tó wà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù náà máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ti Múfú kì í yẹ̀. Ó ní Sídí kì í pàdánù. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Èyí tí wọ́n nà yín lánàá yìí ńkọ́? Ibo ló lọ?"

"Kò ṣẹlẹ̀, Bàbá."

"Mo wà níbẹ̀, Múfú. Mo fojú mi rí i."

"Kò sí nínú káàdì, sà."

Mo padà sídìí àwọ̀n mi. Ọkọ̀ ti dojú dé mọ́ mi lórí rí, ẹ̀gbọ́n mi sì ṣòfò ẹ̀mí nínú rẹ̀. Kò sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí mo lè na ọwọ́ sí lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Bọ́sẹ̀ ra ẹ̀rọ tuntun. Ó ń dán bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí. A yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, a yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, kò ní ihò káàdì. Múfú ní, "Àǹtí, ibo la máa séèfù sí?" Bọ́sẹ̀ ní ẹni tó ta á fún òun sọ pé ìyẹn ti kọjá, pé ọ̀tọ̀ séèfù ni eléyìí.

"Ọ̀tọ̀ séèfù?"

"Ọ̀tọ̀ séèfù. Ti oníkálukú máa wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kàn máa gbá a lọ, ó mọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan."

Ó yé wa. Ó yé èmi gan-an ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìṣó àwọ̀n ṣe rí lára ògiri yàrá yẹn, ti oníkálukú lọ́tọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rò pé mo ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Inú gbogbo èèyàn dùn. Wọ́n sọ káàdì nù, wọ́n fi fún ọmọ wọn ṣeré. Múfú nìkan ló fi tirẹ̀ sínú agolo tó ń kó ṣọ́ọ̀kì àti òwú tó fi ń wọn ilẹ̀ sí. Àwọn yòókù kàn ń bá ara wọn díje lórí ẹ̀rọ tuntun náà, òun nìkan ló bẹ̀rẹ̀ látorí òdo, ó tún Sídí dá, irùngbọ̀n náà tún hù.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ na Sídí tuntun yìí, Múfú na ọwọ́ sẹ́yìn, ó pa á, ó tún un tàn, ó sì bá ìpàdánù náà níbẹ̀. Ó tún un pa. Ó tún un tàn. Ó wà níbẹ̀. Ó wojú mi bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn. Ó ní, "Bàbá, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀." Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kó má kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a, kí wọ́n má bàa na ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó sì mọ̀ ọ́n débi pé Sídí di ọ̀gá gbogbo wọn, ó gba ife.

Ọdún yẹn ni Sídí tòótọ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Kò sí ẹni tí Múfú kò sọ fún. Ó sọ fún onílé tó ń lẹ táìsì fún, ó sọ fún ẹlẹ́búrẹ́dì. Ó ní ọmọ òun yege, ó kù kó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní tó bá wá sí Èkó fún Iléyá, òun máa mú un lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Bọ́sẹ̀, kó rí ara rẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

Ó wá lóòótọ́. Ọ̀sán ni, ọ̀rọ̀ àgbò ló gba gbogbo àdúgbò kan, wọ́n so wọ́n mọ́ òpó iná, wọ́n ń ké kíkankíkan. Bàbá rẹ̀ ṣì wà ní sáìtì. Ọmọ náà ga, iwájú orí bàbá rẹ̀ ló gbé wá. Ó kúnlẹ̀ kí wa dáadáa. Ìyàwó mi, ìyá ńlá yín, fún un lómi àti búrẹ́dì, ó sì béèrè bí ẹnikẹ́ni ṣe máa béèrè: "Ṣé wọ́n ti fún yín ní sátífíkéètì?"

Bí ọmọ ṣe gbé ife sílẹ̀ nìyẹn, tó bú sẹ́kún.

"Màmá, mi ò yege. Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, méjèèjì ló gbé mi ṣubú."

Ìyàwó mi ní, "Bàbá rẹ sọ pé o yege."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lórí fóònù. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn wọn, mi ò lè sọ ọ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá. Mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí."

Ìyàwó mi fà á mọ́ra. Ó ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Sọ ọ́ lónìí, ọmọ mi. Tó bá dé, tó bá ti jókòó, kó o sọ ọ́." Mo mọ ohun tí ìyàwó mi kò mọ̀. Mo ti rí bí ọwọ́ Múfú ṣe máa ń yá lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ.

Múfú dé, kò tilẹ̀ jókòó. Funfun táìsì ṣì wà lórúnkún rẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, "Wá, wá, wá wo ara rẹ," ó fà á lọ sí yàrá àwọ̀n. Ìyàwó mi wò mí, mo wò ó, a tẹ̀ lé wọn. Ó lé ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ dìde, ó jókòó, ó tẹ ibi tó ń tẹ̀.

Ẹgbẹ́ mìíràn ló jáde. Aṣọ mìíràn ló wà lọ́rùn wọn, orúkọ olórí wọn sì ni Wàsíù. Wàsíù Akunlé, tó ń kun ilé ní àwọn ẹ́sítéètì, ló wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ ti ara rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ bi òun léèrè nǹkan kan, òun sì ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣe bí ọ̀tọ̀ séèfù ni?

Múfú wá a títí. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ó yíjú padà, ó ní, "Àǹtí Bọ́sẹ̀, ọmọ mi dà?"

Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró, ó di ìborùn rẹ̀ mú. Ẹnikẹ́ni ò lè rẹ́rìn-ín.

Bọ́sẹ̀ ń wí àwíjàre, "Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀tọ̀ séèfù ni, ti oníkálukú lọ́tọ̀." Sídí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka ohun tó wà lójú tẹlifísàn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, kì í ṣe ọ̀tọ̀. Ọ́tò ni wọ́n kọ. Ó túmọ̀ sí pé fúnra ẹ̀ ló ń séèfù. Àyè kan ṣoṣo ló sì wà fún un. Ti ẹni tó bá gbá a kẹ́yìn ló máa ń bo ti tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ọ̀tọ̀. Ọ́tò. Ẹ wo bí ohùn ṣe gbé wa ṣubú, gbogbo wa, tọmọdé tàgbà.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé Múfú, nínú ìbànújẹ́ yẹn, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ò rí ọmọ mi? Ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì!" Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Sídí wo ilẹ̀. Ìyàwó mi yíjú sí ògiri.

Múfú wá rántí agolo rẹ̀. Ó sáré lọ, ó sáré dé, káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ti sọ ọ́ di funfun. Bọ́sẹ̀ wọ́ ẹ̀rọ àtijọ́ jáde lẹ́yìn dráyà, ó fẹ́ eruku rẹ̀, ó so wáyà rẹ̀. Múfú ki káàdì bọ̀ ọ́. A dúró. Ẹ̀rọ yẹn pẹ́ kó tó jí, ó ń kùn bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. Lẹ́yìn náà ni Sídí àtijọ́ yọ sí wa, tòun ti pípá rẹ̀, tòun ti irùngbọ̀n rẹ̀, níbi tó dúró sí láti ọjọ́ tí Múfú ti séèfù rẹ̀ gbẹ̀yìn. Kò ní ife kankan.

Ọmọbìnrin náà ya ẹnu. "Bàbá mi! Èmi ni mo ní irùngbọ̀n báyìí?"

Ẹ̀rín wá dé. Òun pàápàá rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ojú. Múfú fi pádì lé e lọ́wọ́. "Gbá a. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o gbá a."

Kò mú pádì rí láyé rẹ̀. Ó sáré gba ibi tí kò yẹ, ó gbé bọ́ọ̀lù jáde, ó gbá sínú ilé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n nà án ní ìnà tí wọ́n ń na ọmọ àlè. Nígbà tí fèrè fọn, gbogbo wa mọ ohun tó kàn. Múfú ti na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò ṣẹlẹ̀."

Sídí gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá mi, ẹ má pa á."

"Wọ́n nà wá, Sídí."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ séèfù ẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Torí pé ó ṣẹlẹ̀." Kò fi ọwọ́ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. "Ìdánwò yẹn náà ṣẹlẹ̀. Mi ò yege, Bàbá mi. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Níwájú gbogbo èèyàn. Níwájú Wàsíù, níwájú Bọ́sẹ̀, níwájú àwọn dẹ̀rẹ́bà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ yẹn ń wo iwájú, ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò. Ọwọ́ Múfú ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, ìka rẹ̀ wà lórí ibi tí wọ́n ti ń pa á. Mo gbàdúrà nínú ọkàn mi, mi ò sì mọ ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún.

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó gba pádì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kọ ọ́ síta pé kí ẹnikẹ́ni má yọ káàdì. Bọ́sẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Jẹnẹrétọ̀ ń hó níta, àgbò ń ké.

Múfú ní, "Ó ti wọlé." Ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu ojú, eruku táìsì sì sọ ojú náà di funfun. Lẹ́yìn náà ló wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ìgbà wo ni wọ́n ní a tún máa gbá a?"

Ìdánwò ló ń sọ o. A, ó ní a.

Sídí tún un ṣe lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ìyẹn wà lọ́tọ̀. Ọ̀tọ̀ tòótọ́ nìyẹn, kì í ṣe ọ́tò. Bọ́sẹ̀ ti kó lọ, ẹ̀rọ méjèèjì ti bàjẹ́. Nígbà tí Múfú ń padà sí Ìkìrun, tí orúnkún rẹ̀ kò gba ilẹ̀ mọ́, ó mú káàdì yìí wá, ó ní, "Bàbá Séèfù, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀." Mo sì fi í kọ́ orí ìṣó bàbá mi.

Ẹ ní kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣí i mọ́ láyé yìí. Ó ṣeé ṣe. Ẹ bi mí bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà. Mi ò mọ̀. Mo gbọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí náà, kò dún. Bí ó ṣe ń pa nǹkan mọ́ kò yé mi rí, ti inú ilé yín yẹn kò sì yé mi rárá. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sínú rẹ̀. Ẹ gbé e padà sára ìṣó.